Sílíńgì wo ló yẹ iṣẹ́ yín? Ìfiwéra fún àwọn tó ń fi okùn sọ ẹ̀ka igi kalẹ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Àkọ́rọ̀ òjò kì í rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kí ìjì má bá a wá. Lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀lé e, fóònù àwa tí a ń gé igi kì í sinmi. Ẹ̀ka máńgòrò ti dùbúlẹ̀ sórí páànù ẹnì kan ní Làgéré, igi melina ti fara ti wáyà iná ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, odán ńlá kan ti fà ya láàárín ní Òkèṣà ní Iléṣà. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò ṣeé bẹ́ lulẹ̀ lódindi, nítorí ilé ló yí i ká. Ẹnì kan á gun òkè lọ, á so púlì mọ́ ara igi, okùn á gba inú púlì wá sí ọ̀dọ̀ ẹni ìsàlẹ̀, wọn á sì máa sọ ẹ̀ka kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. (Tí wáyà bá wà níbẹ̀, àwọn oníná gbọ́dọ̀ pa iná kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan igi. Ìyẹn kò sí lára ohun tí à ń yàn.)

Ohun tó so púlì yẹn mọ́ igi ni à ń pè ní sílíńgì: okùn tàbí bẹ́líìtì kúkurú, mítà mélòó kan péré. Bí a bá dé ọjà, orí ṣéènsọ̀ àti okùn gígùn ni owó ń lọ, ṣéńjì tó bá ṣẹ́ kù la fi ń ra sílíńgì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tí à ń gbé gun igi, òun ni ẹrù rẹ̀ wúwo jù.

Ẹ wò ó. Ká ní ẹ̀ka tí ẹ so jẹ́ 100 kìló. Ẹ̀ka ń fa okùn lápá kan pẹ̀lú 100 yẹn. Ẹni ìsàlẹ̀ náà ní láti fa apá kejì pẹ̀lú nǹkan bíi 100 kí ẹ̀ka má bàa já lulẹ̀. Púlì wà láàárín, apá méjèèjì ló ń wọ́ ọ sísàlẹ̀. Okùn gígùn ń gbé 100, sílíńgì ń gbé bíi 200. Ìyẹn tí ẹ̀ka bá rọ̀ jẹ́ẹ́ ni o. Tó bá kọ́kọ́ já bọ́ kí okùn tó gbà á, ohun tí sílíńgì máa gbà lójijì á di ìlọ́po ìlọ́po.

Òṣùwọ̀n wa

Agbára ló ṣáájú, ẹ má sì fi ojú lásán wọn ẹrù. Gẹdú tútù tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn ní mítà kan, á tó nǹkan bíi 60 sí 70 kìló. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá di 60 sẹ̀ǹtímítà, kì í ṣe ìlọ́po méjì ló máa dà, ìlọ́po mẹ́rin ni: nǹkan bíi 250 kìló. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò ṣe nìyí.

Iye tí ẹ máa bá lára sílíńgì, tàbí nínú ìwé tó bá a wá, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni iye tí yóò já sí. Èkejì ni iye tí wọ́n ní kí ẹ má kọjá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fi èkíní ṣe èkejì ń fi ẹ̀mí ṣeré. Bẹ́líìtì tí wọ́n ṣe bí ìlànà Yúróòpù tó ń jẹ́ EN 1492 ṣe là á sílẹ̀, tó bá ní 1 tọ́ọ̀nù ni kí ẹ gbé, kò gbọdọ̀ já títí ẹrù fi dé tọ́ọ̀nù 7. Ní ti sílíńgì tí a fi okùn hun, iye tí yóò já sí ni wọ́n sábà máa ń kọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pín in. Tí ẹrù kò bá ní já bọ́ rárá, èmi á pín in sí ọ̀nà 5. Tí ẹ̀ka bá máa já bọ́ díẹ̀ kí okùn tó gbà á, ọ̀nà 10 ni, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Bí ẹ ṣe dè é náà ní tirẹ̀ láti yọ kúrò. Sílíńgì tí ojú rẹ̀ kan gba inú èkejì tó sì fún igi lọ́rùn á ku nǹkan bíi 80 nínú 100 agbára rẹ̀. Kókó tí a ta sí okùn lè jẹ 30 sí 50 nínú 100. Ojú tí ẹni tó mọ̀ ọ́n hun bá hun wọ inú okùn kì í jẹ ju nǹkan bíi 10 lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé sílíńgì tí wọ́n hun ojú sí sàn ju èyí tí a kàn ta ní kókó.

Yàtọ̀ sí agbára, ẹ wo fífẹ̀ igi tí ẹ máa ń bá pàdé: ṣé agbọn àti máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni, àbí ìrókò àti àràbà? Ẹ wo ẹni tó máa dè é lókè, bóyá ó mọ kókó dáadáa àbí ọmọ iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo owó, àti bóyá ẹ lè rí òmíràn rà ní kíá tí ti ọwọ́ yín bá bàjẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sí lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà tàbí ní Odò-Ogbè. Èkó ni wọ́n ti ń wá.

Ohun tí wọ́n fi hun ún

Pọ́líẹ́sítà ni mo máa mú fún iṣẹ́ tiwa. Kì í nà jù, omi kì í dín agbára rẹ̀ kù, oòrùn kò tètè pa á, ó sì ń fara da ooru títí dé nǹkan bíi 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́. Náílọ́ọ̀nù ń nà, èyí tó dára fún gbígba ẹrù tó já bọ́, ṣùgbọ́n tó bá mumi, nǹkan bíi 10 sí 15 nínú 100 agbára rẹ̀ ló ń lọ. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ìgbà wo ni okùn ń gbẹ n'Ífẹ̀?

Dyneema, fọ́nrán oníke kan tó fúyẹ́, le gan-an. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka á gbé ohun tí pọ́líẹ́sítà tó ki jù ú lọ dáadáa ń gbé, kò sì wúwo lápò. Àléébù rẹ̀ méjì ni: owó, àti ooru. Ní nǹkan bíi 150 Celsius ló ń yọ́. Tí okùn gígùn bá sáré gba orí rẹ̀ kọjá, ó lè gé e bí ọ̀bẹ. Òfin kan wà fún gbogbo sílíńgì lórí ọ̀rọ̀ yìí, ì báà jẹ́ Dyneema ì báà jẹ́ òmíràn: okùn kì í sáré lórí okùn. Púlì tàbí òrùka gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Okùn búlúù àti yẹ́lò tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, polypropylene ni. Oòrùn ń jẹ ẹ́. Ẹ fọwọ́ ra èyí tó ti pẹ́ lórí ọkọ̀ akóṣu wò, ẹ máa rí i bó ṣe ń rún bí ewé gbígbẹ. Fún dídì ẹ̀ka tí a ti gé tán, ó tó. Lókè igi, rárá. Igbà tí àwọn ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ náà, ara ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ fi so púlì. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹlẹ́mu.

Sílíńgì olójú kan

Òun ni àwọn elédè Òyìnbó ń pè ní dead-eye. Ojú kan ni wọ́n hun sí orí rẹ̀, ibẹ̀ ni púlì ń wọ̀. Ìyókù jẹ́ okùn gbọọrọ tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín dè mọ́ igi. Kò sí èyí tó rọrùn tó o láti ṣe, nítorí náà kò sí èyí tó dínwó tó o nínú àwọn tí wọ́n hun fún iṣẹ́ igi.

Bí a ṣe ń dè é nìyí. Ojú tó gbé púlì á wà níwájú yín. Ẹ gbé ìrù okùn yí igi ká, kó kọjá lórí ẹsẹ̀ ojú náà, ẹ wá dá a padà sọ́nà tó ti wá, kó tún yí igi ká lẹ́ẹ̀kejì, kó sì wọ abẹ́ ibi tó ti ṣẹ́rí padà. Ẹ fà á kó le. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìso kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ìso yẹn ni kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yí nígbà tí ẹrù bá dé. Ọ̀nà kejì wà tó ń gba okùn díẹ̀: ẹ yí igi ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá máa lọ́ ìrù mọ́ ara okùn náà, ó kéré tán ìgbà márùn-ún, kí ìlọ́ náà tẹ́ káàkiri ara igi, kó má ṣe kó jọ sójú kan. Ìyẹn yá, ṣùgbọ́n tí ẹrù bá kúrò lórí rẹ̀ ó lè tú díẹ̀díẹ̀, nítorí náà èmi kì í lò ó níbi tí ẹ̀ka yóò ti máa já bọ́ lera wọn.

Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé kò yan igi. Ẹyọ kan ṣoṣo á so mọ́ ẹ̀ka tó tó apá, á sì so mọ́ ìtì tó tó àgbá omi, tó bá ṣáà ti gùn tó. Gígùn yẹn lẹ gbọ́dọ̀ ṣírò kí ẹ tó rà. Igi tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, àyíká rẹ̀ sún mọ́ mítà 1.9. Ìdè tó ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì á jẹ nǹkan bíi mítà 3.8, ìso àti ìrù á jẹ ìyókù. Mítà 5 ló yẹ ẹ́. Mítà 3 tí àwọn kan ń rà torí pé ó dínwó, orí agbọn ló máa parí sí.

Àléébù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dè é. Ẹ fojú inú wo ọmọ iṣẹ́ tó wà lórí máńgòrò ní Làgéré, ó fi ẹsẹ̀ kan ta pàlàkà, tanpẹ́pẹ́ ti wọ ọ́ láṣọ, ìyá onílé ń pariwo nísàlẹ̀ pé kí wọ́n má fọ́ páànù òun. Ìso ìkẹyìn yẹn ló máa fò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Iléṣà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òkè títí yóò fi lè dè é mọ́ òpó ọgbà pẹ̀lú ojú dídì. A máa ń bínú sí i nígbà náà. Ìrù tó bá gùn jù náà ń fa wàhálà, ó lè fẹ́ lọ síbi tí ṣéènsọ̀ wà. Ẹ ká a mọ́ra.

Whoopie àti loopie

Whoopie jẹ́ ti ẹni tó ń kánjú. Okùn tí inú rẹ̀ ṣófo ni wọ́n fi ń ṣe é. Tenex ti ilé iṣẹ́ Samson ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pọ́líẹ́sítà, ló gbajúmọ̀ fún un. Ojú kékeré wà lórí kan, kì í yí padà. Lórí kejì, ìrù okùn wọ inú okùn fúnra rẹ̀, ó sì di ojú ńlá tí ẹ lè sọ di kékeré. Ẹ gbé e yí igi ká, ẹ ti ojú kékeré gba inú ojú ńlá, ẹ fa ìrù títí á fi lẹ̀ mọ́ igi, ẹ fi púlì sí ojú kékeré. Ó tán. Kò sí kókó tí ẹnì kan máa gbàgbé. Nígbà tí ẹrù bá dé, okùn tó wà lóde á fún èyí tó wà nínú rẹ̀ pinpin, kò sì ní yọ̀.

Nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá sí ẹrù, ó lè yọ̀ díẹ̀, sílíńgì á dẹ̀, púlì á sọ̀ kalẹ̀ lára igi, ẹ̀ka tó kàn á wá já bọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láàárín ẹ̀ka kan sí èkejì, kí ẹni òkè fọwọ́ fà á wò. Ó tún ní ààlà: kò lè kéré ju iye kan lọ, kò sì lè tóbi ju iye kan lọ. Èyí tó yẹ ìtì melina kì í fún orí agbọn mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ fi whoopie ṣe gbogbo igi, ó kéré tán méjì ló máa rà, owó ẹyọ kan rẹ̀ sì ti ju ti olójú kan lọ.

Ohun kan tún wà tó kàn wá níbí: oje. Odán, gbẹ̀rẹ̀fútù, agbalùmọ̀, gbogbo wọn ló ń sun oje funfun tó ń gan. Tí ó bá wọ ibi tí okùn ti wọ inú okùn, tó sì gbẹ, ìrù kò ní yọ́ lọ yọ́ bọ̀ mọ́. Olójú kan náà ń gba oje, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń wọ inú ara rẹ̀.

Loopie jẹ́ àbúrò rẹ̀. Kò ní orí kankan, róbótó ló rí, okùn méjì sì ni ẹrù ń bà lé dípò ẹyọ kan. Ó le, ó kúrú, ó dára fún ìtì kékeré àti fún ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ gba okùn kọjá kó lè yí ọ̀nà. Fún ìtì ńlá kò gùn tó.

Bẹ́líìtì àti sílíńgì róbótó ti àwọn oníkéréènì

Èyí lẹ lè rí láìrìn jìnnà, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ìkọ́lé. Òun ló dínwó jù nínú gbogbo ohun tó ní lébẹ̀ẹ̀lì. Àwọ̀ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: lábẹ́ EN 1492, àwọ̀ elése àlùkò ni tọ́ọ̀nù 1, àwọ̀ ewé ni 2, yẹ́lò ni 3. Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ayédèrú pọ̀, ẹni tó ń pa aṣọ láró náà lè pa á ní yẹ́lò. Lébẹ̀ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ ọn ni kí ẹ kà. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ti gé lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ kúrò, ẹ má gbé e gun igi, bó ti wù kó mọ́ tó.

Wọ́n ṣe é fún kéréènì tó ń rọra gbé ẹrù, kì í ṣe fún gẹdú tó ń já bọ́. Kò sì ṣeé dín kù. Tí àyíká igi bá kéré sí i, bẹ́líìtì á gbọọrọ, púlì á máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ti róbótó ní àléébù kan sí i: fọ́nrán tó ń gbé ẹrù wà nínú àpò, ẹ kò lè rí i. Tí àpò bá ti ya, ó ti tán nìyẹn. Mo ń lò wọ́n fún yíyí ọ̀nà okùn, fún fífa igi sí ìhà kan láti ilẹ̀, àti fún dídi gẹdú mú. Fún púlì àgbà lókè, n ò lò wọ́n.

Sílíńgì olórùka

Òrùka aluminíọ̀mù tó nípọn ni wọ́n hun mọ́ orí okùn, kò sí púlì rárá. Okùn gígùn á gba inú òrùka, ìfàkọra tó wà níbẹ̀ á sì gba díẹ̀ lára ẹrù kúrò lọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀. Kò ní ohun tó ń yí, nítorí náà kò ní ohun tó ń dógùn-ún. Èyí tó ní òrùka ju ẹyọ kan lọ dára fún igi tó ní pàlàkà púpọ̀. Ó wọ́n, ìfàkọra yẹn sì ń jẹ okùn gígùn yára. Ṣé ẹ ní okùn tí ẹ fẹ́ máa pààrọ̀?

Ṣéènì àti wáyà irin, tí àwọn onígẹdú fi ń wọ́ igi, orí ilẹ̀ ni kó mọ. Ó wúwo, ó ń bó èèpo igi tí a fẹ́ kó wà láàyè, eyín ṣéènsọ̀ tó bá kàn án ti lọ nìyẹn, ó sì lè ta padà sí ẹni tó dì í mú.

Títọ́jú rẹ̀

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kó gba àárín ọwọ́ yín kọjá ṣáájú iṣẹ́. Irun díẹ̀ lára okùn kò burú. Ibi tó le tó ń dán bíi pé iná rà á, ibi tí fọ́nrán ti já, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyókù lọ, àwọn ni àmì. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ oje kúrò, kì í ṣe kẹrosíìnì, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Ẹ má kó pọ́líẹ́sítà pamọ́ pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì. Èròjà inú sìmẹ́ńtì tó bá tutù ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá ti bàjẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ lódindi, ẹnì kan á tún gbé e gun igi.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Tí owó yín bá tó ẹyọ kan péré, tí ẹni tó ń gun igi sì mọ kókó, olójú kan, pọ́líẹ́sítà, mítà 5, ni. Òun náà ni mo máa rà tí wọ́n bá kó gbogbo ohun tí mo ní lọ lónìí, bóyá Ifẹ̀ ni tàbí Iléṣà, nítorí igi tí a ń bá pàdé kò dọ́gba.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú ọgbà ńlá, bíi ti yunifásítì, níbi tí àwọn igi ti tò lọ tí ìtì wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, whoopie méjì á gba àkókò yín là ju ohun tó jẹ lówó lọ. Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì dá kókó mọ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bí ọ̀gá bá ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsàlẹ̀. Dyneema jẹ́ ti ẹni tó ń gun igi gíga tí gbogbo gíráàmù lápò rẹ̀ ní iye. Olórùka, ẹ dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá ti sanwó rẹ̀.

Bẹ́líìtì ẹyọ méjì yẹ kó wà nínú ọkọ̀ gbogbo wa, fún iṣẹ́ orí ilẹ̀ àti fún yíyí ọ̀nà okùn.

Ní ti onílé tó jẹ́ pé igi kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kó má ra nǹkan kan. Kó pe àwọn tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gun òkè kó sọ fún wọn pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ fẹ́ fi so púlì.” Tó bá jẹ́ okùn búlúù ni wọ́n mú jáde, kó fún wọn lówó ọkọ̀, kí wọ́n máa lọ.